Ta Ló Ń Dúró De Ta? Ọ̀rọ̀ Lórí Fódà Àjọlò Tí Kọ̀ǹpútà Ń So Mọ́ Ara Rẹ̀ Nígbà Tí Ó Bá Ń Tan

Mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfẹ́ ìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ pè mí sí lónìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Fódà kan wà lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pèsè fáìlì fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jọ ń lò ó, ẹ sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín ti so ó mọ́ ara rẹ̀ kí ẹ tó jókòó ti iṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹ ń tẹ àṣẹ kan náà ní àràárọ̀. Lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì kan ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo yìí lè mú kí kọ̀ǹpútà dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kí ó tó tan. Ó lè mú kí ó kọ̀ láti pa. Ó tún lè mú kí ẹ̀dà ìpamọ́ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé máa lọ sí ibi tí ẹ kò rò rárá. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn tó ń dá ara wọn lẹ́bi lórí rẹ̀, tí wọ́n ń ní bóyá àwọn kò mọ ìlà náà kọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Àkókò ni kò bá a mu.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tan, ta ló yẹ kó dúró de ta? Èrò tèmi ni pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ fi títan rẹ̀ dúró de ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Kó tan ná. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹnì kan tàbí ètò kan bá béèrè fún fódà náà, kó lọ mú un wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí nǹkan wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá. Ìlànà méjì ló gbajúmọ̀ jù fún pípín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. NFS ni ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ Sun Microsystems ló gbé e dìde ní 1984. A tẹ àlàyé ẹ̀yà rẹ̀ kejì jáde fún gbogbo ayé ní 1989, ẹ̀yà kẹta ní 1995, tí ẹ̀yà kẹrin sì kọ́kọ́ jáde ní 2000. Ẹ̀yà kẹrin yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo, 2049, ló nílò, nígbà tí àwọn ti àtijọ́ ń kan ilẹ̀kùn oríṣiríṣi. SMB ni èkejì. Barry Feigenbaum ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ IBM ní nǹkan bí 1983, Microsoft sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo Windows ń sọ. Ní ìparí 1991 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1992, Andrew Tridgell bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó padà di Samba ní Australia, òun ló sì jẹ́ kí Linux àti àwọn ìbátan rẹ̀ lè máa bá Windows pín fáìlì títí dòní.

Ọdún kan wà nínú ìtàn yìí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, nítorí ó ṣì ń da àwọn èèyàn láàmú. Ní oṣù karùn-ún 2017, kòkòrò WannaCry gba ihò kan nínú ẹ̀yà àkọ́kọ́ SMB ti Windows kọjá, ó sì ti fáìlì mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ káàkiri àgbáyé. Lọ́dún yẹn kan náà, Linux 4.13 dẹ́kun fífi ẹ̀yà àkọ́kọ́ náà ṣe àṣàyàn tí ó ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan kan, Windows 10 ẹ̀yà 1709 kò sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà mọ́ fúnra rẹ̀. Ìpinnu tó dára ni. Àmọ́ bí sáfà yín bá jẹ́ ti láéláé tí kò gbọ́ ju ẹ̀yà àkọ́kọ́ lọ, ìlà tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè dákẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ Linux yín di tuntun. Ohun tí mount, àṣẹ tó ń so fódà mọ́ kọ̀ǹpútà, á wá sọ fún yín ni "mount error(112): Host is down". Ẹ ó wo sáfà, ẹ ó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn ṣì yín lọ́nà: àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn ni. Àtúnṣe tó dára jù ni kí ẹ gbé sáfà náà dé ẹ̀yà kejì tàbí ìkẹta. vers=1.0 tí ẹ lè fi sínú ìlà náà á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ tún ti ṣí ilẹ̀kùn tí a ti ní kí a tì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ìlà náà fúnra rẹ̀. /etc/fstab ni fáìlì tí ó ń gbé. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́fà tí àlàfo pín níyà: ibi tí ohun tí a fẹ́ so wà, fódà tí a ó so ó mọ́, irú ìlànà tí a ó lò, àwọn àṣàyàn, àti nọ́ńbà méjì tí ó máa ń jẹ́ òdo fún ohunkóhun tó bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí pé yíyẹ dísìkì sáfà wò kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tiyín. Ìlà SMB kan, tí Linux ń pè ní cifs, lè rí báyìí:

//192.168.1.20/iwe  /mnt/iwe  cifs  credentials=/etc/iwe.cred,uid=1000,gid=1000,_netdev,nofail,x-systemd.automount,x-systemd.mount-timeout=30  0  0

Ti NFS kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò nílò fáìlì páásíwọ́ọ̀dù:

192.168.1.20:/srv/iwe  /mnt/iwe  nfs  _netdev,nofail,x-systemd.automount,x-systemd.mount-timeout=30  0  0

Bí orúkọ fódà bá ní àlàfo nínú, \040 ni kí ẹ kọ sí ojú àlàfo náà, torí pé àlàfo ni fstab fi ń mọ ibi tí apá kan parí sí. Kí ẹ sì tó kọ ohunkóhun, ẹ rí i pé ohun èlò ìsomọ́ wà lórí kọ̀ǹpútà: cifs-utils fún SMB, nfs-common fún NFS lórí Debian àti Ubuntu, nfs-utils lórí Fedora àti Red Hat. Bí kò bá sí níbẹ̀, mount á máa sọ̀rọ̀ nípa "wrong fs type, bad option, bad superblock", ẹ ó sì máa wá àṣìṣe kiri nínú ìlà tí kò ní àṣìṣe kankan.

Mo kọ nọ́ńbà IP, àdírẹ́sì sáfà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, síbẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀. Bí ẹ bá kọ orúkọ sáfà, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ẹlòmíràn léèrè pé níbo ni orúkọ náà wà, ẹni tí ó fẹ́ bi náà sì lè má tíì dìde. Orúkọ dùn ún lò, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ orúkọ, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ sínú /etc/hosts, kí ìdáhùn lè wà nínú kọ̀ǹpútà yín.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bí àwọn àgbà ṣe wí. systemd, tí Lennart Poettering àti Kay Sievers gbé jáde ní 2010, tí ó sì ń darí bí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú Linux òde òní ṣe ń tan, ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Á ka fstab, á sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di iṣẹ́ kan, á sì pín àwọn iṣẹ́ náà sí agbo méjì: tinú ilé, lábẹ́ local-fs.target, àti tìta, lábẹ́ remote-fs.target. Tinú ilé ló ń kọ́kọ́ ṣe. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, systemd gbà pé ìpìlẹ̀ ti yẹ̀, á sì gbé yín lọ sí ojú dúdú tí ó ń pè ní emergency mode. Nítorí náà, ó ṣe pàtàkì gan-an kí systemd má ṣe ka ohun tó wà níta mọ́ ti ilé.

Bí apá kẹta ìlà yín bá jẹ́ nfs tàbí cifs, systemd ti mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ìta ni. Àwọn mìíràn wà tí irú wọn kò tú wọn fó. Dísìkì iSCSI lè pe ara rẹ̀ ní ext4, irú ètò fáìlì tí Linux sábà ń lò, bíi dísìkì inú ilé, nígbà tó jẹ́ pé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti ń bọ̀. Irú wọn ni _netdev wà fún. Èmi máa ń kọ ọ́ sí gbogbo ìlà tó bá kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì, yálà systemd nílò rẹ̀ tàbí kò nílò rẹ̀, kí ẹni tí yóò ka fáìlì náà lẹ́yìn mi lè mọ ohun tí mo ní lọ́kàn.

Àǹfààní pípín yìí kì í tán nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tan tán. Nígbà tí a bá ń pa kọ̀ǹpútà, systemd ń yí ètò náà padà: ohun tó dìde kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ. Fódà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ kúrò kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kúrò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣáájú, kọ̀ǹpútà á fẹ́ kó ohun tó kù fún sáfà, kò sì ní rí ọ̀nà. Ẹ ó wá rí ojú rẹ̀ tí kò kú tí kò yè, tí ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń pẹ́ kó tó pa, ẹ wo ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí èkúté sùn sí. Nǹkan méjì wà tí orúkọ wọn jọra: network.target àti network-online.target. Èkíní ń sọ pé ètò tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dìde. Kò ṣèlérí àdírẹ́sì IP kankan. Èkejì ló ń dúró títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi wọlé ní tòótọ́, NetworkManager-wait-online.service tàbí systemd-networkd-wait-online.service ló sì ń bá a ṣe ìdúró náà. Ìsomọ́ nfs àti cifs ń tẹ̀ lé èkejì láìjẹ́ pé ẹ sọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan ń lọ káàkiri pé kí a pa àwọn ètò ìdúró yìí kí kọ̀ǹpútà lè yára tan. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e ti sọ network-online di orúkọ lásán. Á kọjá lọ kí wáyà tó mọ́nà, ìsomọ́ á sì kùnà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Wi-Fi sì tún ní tiyín: bí páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi bá wà nínú àpamọ́ òǹlò, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí òǹlò yẹn fi wọlé. Kò sí bí ìlà fstab ṣe lè dára tó tí yóò borí ìyẹn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé. Ṣé sáfà ti dé? Iná mànàmáná lọ, ó tún dé. Kọ̀ǹpútà yín àti sáfà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà yín ní SSD, dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ìdajì ìṣẹ́jú ti tó o. Sáfà ní dísìkì onírin mẹ́rin tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá iná tó lọ ti ṣe wọ́n ní jàǹbá, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó ṣí ilẹ̀kùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, network-online ti sọ òótọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dáhùn ní òdìkejì. systemd á gbìyànjú ìsomọ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Àkókò tí ó ń fún un bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan ni 90 ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá kùnà, ó kùnà nìyẹn. Kì í padà wá gbìyànjú. Sáfà á dìde ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sì ní sí ẹni tó lọ kí i.

Àwọn àgbà NFS ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n fún wa ní àṣàyàn bg, tí ó ní kí ìgbìyànjú máa lọ lábẹ́lẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Láìsí bg, mount ti NFS á gbìyànjú fún ìṣẹ́jú 2. Pẹ̀lú bg, ó lè tó ìṣẹ́jú 10000, tí ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ kan. SMB kò ní irú rẹ̀.

nofail ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìdáǹdè. Ó ń sọ fún systemd pé fódà yìí wù wá, ṣùgbọ́n kó má ṣe tìtorí rẹ̀ dá ohunkóhun dúró. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: kọ̀ǹpútà tí fódà rẹ̀ kò dé ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ wọlé kí ẹ lè wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ nofail nìkan kò tó. Kọ̀ǹpútà á tan, fódà kò ní sí, kò sì ní sí ohun tó máa pariwo.

Ohun tó ń parí iṣẹ́ náà ni x-systemd.automount. Pẹ̀lú rẹ̀, systemd kì í so fódà náà nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tan. Olùṣọ́ kan ló ń fi sí ẹnu /mnt/iwe. Ìsomọ́ kò tíì ṣẹlẹ̀, sáfà lè máa sùn lọ, kò kan títan kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ètò kan bá fọwọ́ kan fódà náà, ì báà jẹ́ ls lásán, àṣẹ tó kàn ń to orúkọ fáìlì, olùṣọ́ á ní kí ó dúró díẹ̀, systemd á lọ so fódà náà, ètò náà á sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé fódà ti wà níbẹ̀ látàárọ̀. Bí sáfà kò bá sí, ètò náà á dúró di àkókò tí x-systemd.mount-timeout fún un, á sì gba èsì "No such device". Bó bá tún padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí sáfà ti jí, á rí fódà rẹ̀. Ìgbìyànjú tuntun ni ìbéèrè tuntun kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi x-systemd.idle-timeout=600 kún un, systemd á tú fódà náà sílẹ̀ lẹ́yìn 600 ìṣẹ́jú àáyá tí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó, ìyẹn sì dára gan-an fún kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ń kúrò níbi kan bọ́ sí ibòmíràn.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Sun fúnra wọn ti ní automounter láti ìparí àwọn ọdún 1980, autofs sì ti ń ṣe iṣẹ́ náà lórí Linux tipẹ́ kí systemd tó dé. Ẹni tó bá ní ọgọ́rùn-ún fódà láti bójú tó ṣì máa gbádùn autofs ju ìlà fstab lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ewu kan báyìí, nítorí òun ni mo rò pé ó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni a kì í sábà mẹ́nu bà. /mnt/iwe jẹ́ fódà gidi lórí dísìkì yín. Bí ìsomọ́ bá wà, ohun tí ẹ ń rí nínú rẹ̀ ni ti sáfà. Bí ìsomọ́ kò bá sí, fódà náà ṣì wà níbẹ̀, ó ṣófo, ó sì ṣeé kọ nǹkan sí. Ẹ wá ronú nípa ètò tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ ní aago méjì òru. Iná ti lọ lánàá, ìsomọ́ ti kùnà, nofail sì ti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tan wọ́ọ́rọ́wọ́. Ètò náà dé, ó rí /mnt/iwe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da fáìlì sínú rẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ sọ pé gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Orí dísìkì kan náà tí ẹ fẹ́ dáàbò bò ni ẹ̀dà ìpamọ́ náà jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dísìkì á fi kún. Ohun tó tún fi burú sí i ni pé lọ́jọ́ tí ìsomọ́ bá padà ṣiṣẹ́, fódà sáfà á bo àwọn fáìlì yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ ó máa wò ó pé dísìkì kún, ẹ kò sì ní rí ohun tó kún un.

Automount ń dènà ọ̀pọ̀ nínú ewu yìí, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè gba ẹ̀gbẹ́ olùṣọ́ kọjá lọ sí fódà òfìfo tó wà nísàlẹ̀: yálà ìsomọ́ tàbí àṣìṣe, kò sí agbedeméjì. Fún ìdí yìí nìkan, màá lò ó, kódà bí kọ̀ǹpútà mi kò bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ ní títan. Ṣùgbọ́n bí ìgbìyànjú bá kùnà léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, systemd lè ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ó sì gbé olùṣọ́ náà kúrò. Nítorí náà, ẹ fi ìdè kejì kún un. Nígbà tí ìsomọ́ kò bá sí, ẹ ṣe chattr +i /mnt/iwe. Lórí ext4, àṣẹ yìí ń sọ fódà náà di ohun tí root pàápàá, òǹlò tó ní àṣẹ jù lọ, kò lè kọ nǹkan sí, kò sì dí ìsomọ́ lọ́wọ́ rárá. Ètò ìpamọ́ yín náà lè kọ́kọ́ bi mountpoint -q /mnt/iwe léèrè bóyá ìsomọ́ wà kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ systemd ni, RequiresMountsFor=/mnt/iwe á so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìsomọ́ náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú kéré èyí.

Bí sáfà bá kú lẹ́yìn tí ìsomọ́ ti wà ńkọ́? NFS ní ọ̀nà méjì. hard, tí ó jẹ́ ìwà rẹ̀ bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, ń mú kí ètò dúró títí sáfà á fi padà dé, ì báà pẹ́ títí. soft ń jẹ́ kí ètò gba àṣìṣe lẹ́yìn ìgbìyànjú mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ń sá lọ sí soft nítorí pé hard ń bí wọn nínú. Ẹ ṣọ́ra. Ètò tí kò mọ bí a ṣe ń gba àṣìṣe lè fi fáìlì sílẹ̀ ní ààbọ̀, kó sì gbà pé òun ti kọ ọ́ tán. Ìwé ìtọ́ni NFS fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé dátà lè bàjẹ́ láìsí ariwo. Èmi ń fi hard sílẹ̀ fún ohunkóhun tí a ń kọ nǹkan sí. soft tọ́ sí fódà tí a kàn ń kà, pẹ̀lú ro, àṣàyàn tó ní kíkà nìkan.

Lórí ẹni tó ni fáìlì: NFS, bí a ṣe sábà ń lò ó, nọ́ńbà òǹlò ló ń rán lọ sí sáfà, kì í rán orúkọ. Bí nọ́ńbà yín bá jẹ́ 1000 níhìn-ín tí 1000 sì jẹ́ ti ẹlòmíràn lórí sáfà, fáìlì yín ti di ti ẹlòmíràn nìyẹn. root kò sì ní ọlá kankan níbẹ̀, torí sáfà ń sọ ọ́ di ẹni tí a kò mọ̀, àfi bí wọ́n bá yí root_squash padà. Lórí SMB, uid=1000 inú ìlà wa ló ń sọ ẹni tí fáìlì jẹ́ tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà tiyín.

Ti páásíwọ́ọ̀dù kò gba àlàyé púpọ̀. Gbogbo òǹlò orí kọ̀ǹpútà ló sábà lè ka fstab, nítorí náà ẹ má kọ páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀. Ẹ kọ username= àti password= sí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú fáìlì tí credentials= ń tọ́ka sí, kí ó jẹ́ ti root, kí ẹ sì ṣe chmod 600 fún un. Kí orúkọ tí ẹ ń fi wọlé jẹ́ èyí tí ẹ dá sílẹ̀ fún fódà yìí nìkan lórí sáfà, kí ẹni tó bá jí i má ṣe rí ibòmíràn wọ̀.

Ẹ̀yin tó ń lo Windows, net use Z: \\sáfà\iwe /persistent:yes ló ń ṣe é, níbi tí ẹ ó ti fi orúkọ sáfà yín rọ́pò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: Z: yẹn jẹ́ ti òǹlò tó wọlé, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé kò mọ ohun tó ń jẹ́ Z:. Ẹ fún un ní àdírẹ́sì fódà náà ní kíkún. Bí Windows bá sì ń sọ pé òun kò lè padà so gbogbo dísìkì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó yára ju nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ ni, ìlànà Group Policy kan sì wà tí ó ń ní kó dúró: "Always wait for the network at computer startup and logon". Lórí Mac, ẹ lè fi fódà náà sínú Login Items. Ẹni tó bá fẹ́ ti olùṣọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, autofs wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nínú /etc/auto_master.

Ó ku bí ẹ ó ṣe dán an wò. Ẹ kọ́kọ́ ṣe findmnt --verify, tí yóò ka fstab yín tí yóò sì tọ́ka sí ohun tó wọ́. Ẹ ṣe systemctl daemon-reload, nítorí systemd kì í mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ẹ ti yí fáìlì náà padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe systemctl restart remote-fs.target, kí ẹ sì ṣí fódà náà. Bó bá kọ̀, ẹ ka ohun tó sọ nínú journalctl -b -u mnt-iwe.mount. Àṣìṣe 13 jẹ́ ti páásíwọ́ọ̀dù tàbí ẹ̀tọ́. Èyí tó jẹ́ 2 sábà máa ń jẹ́ pé orúkọ fódà àjọlò kò bá ti sáfà mu, tàbí pé fódà tí ẹ fẹ́ so ó mọ́ kò sí. 115 ń sọ pé ìbéèrè yín jáde lọ tí kò sí ẹni tó dáhùn. Ẹ wo ògiri ààbò àti pọ́ọ̀tù 445. A ti sọ̀rọ̀ lórí 112.

mount -a tí gbogbo ìwé ń ní kí a lò dára, àmọ́ kò dán àkókò wò. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wà, sáfà ti jí, kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdánwò tí mo gbà gbọ́ ni èyí: ẹ pa sáfà, kí ẹ wá pa kọ̀ǹpútà yín kí ẹ sì tún un tan. Ó gbọ́dọ̀ tan bí ìgbà tí sáfà wà, systemd-analyze critical-chain remote-fs.target á sì fi ibi tí àkókò lọ hàn yín. Ẹ gbìyànjú láti kọ fáìlì kan sínú /mnt/iwe. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀ fún yín. Ẹ wá tan sáfà, ẹ jẹ́ kó gbéra tán, kí ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ṣe ls /mnt/iwe.